Orí Kẹfà: Ìgò Ìtọ̀ Ni Kó Ṣáájú Kápúsù

Orí yìí wà fún ẹni tí ìtọ̀ ń ta, tó ń sáré lọ tọ̀ lemọ́lemọ́ tí kò sì rí ju ẹ̀kán díẹ̀ lọ, tí abẹ́ ìdodo ń dùn, tí ìtọ̀ rẹ̀ dà rú tàbí tó ń rùn. Ó wà pàápàá fún ẹni tó ti lo oògùn fún un rí tí nǹkan náà tún padà. Bí ẹ bá ń gbé Bódìjà tàbí Agbowó ní Ìbàdàn, tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní Dùgbẹ̀, tàbí tí ẹ ń nájà ní Ring Road àti Challenge, ohun tí ẹ nílò kò jìnnà sí yín. Iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe ni pé kí ẹ mọ kòkòrò tó wà nínú ìtọ̀ yín àti oògùn tó ràn án, kí ẹ tó gbé oògùn apakòkòrò, tí a ń pè ní àǹtíbáyótíìkì, sẹ́nu.

Ìlànà kan ló gba gbogbo orí yìí já: ìgò ìtọ̀ ni kó ṣáájú kápúsù. Ìdí tí a fi ń tẹnu mọ́ ọn rèé. Kòkòrò tí wọ́n ń pè ní E. coli ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú àìsàn yìí káàkiri ayé, inú ìfun àwa fúnra wa ló sì ń gbé. Àwọn onímọ̀ kan gba E. coli 758 lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ara wọn le ní Ilé-Ifẹ̀ láàrin ọdún 1986 sí 1998. Ní 1986, èyí tí tetracycline, ampicillin, chloramphenicol tàbí streptomycin kò ràn wà láàrin 9 sí 35 nínú ọgọ́rùn-ún, bí a bá mú oògùn wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní 1998, ó ti di 56 sí 100. Nígbà tí wọ́n tún wo ìdílé oògùn tí ciprofloxacin ti wá, èyí tó ń ṣe oríkunkun sí i kò tó 4 nínú ọgọ́rùn-ún kí ọdún 2005 tó dé. Ní 2009, ó ti lé ní 34. Ọ̀jọ̀gbọ́n Iruka Okeke, tó wà ní Ẹ̀ka Ìmọ̀ Ìpòògùn ní Yunifásítì Ìbàdàn báyìí, wà lára àwọn tó ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Ẹ kíyè sí i pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyẹn kò ṣàìsàn. Kòkòrò olóríkunkun ti fìdí kalẹ̀ sínú ìfun wọn kí àìsàn tó dé. Nítorí náà, oògùn tó wo ẹ̀gbọ́n yín sàn nígbà kan lè má ran tiyín rárá, kò sì sí ẹni tó lè fi ojú lásán mọ èyí tí yóò ràn án.

Ẹ dúró ná: àwọn tí ilé ìwòsàn kàn lónìí

Kí ẹ tó wá ìgò, ẹ yẹ ara yín wò. Bí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí bá wà, ẹ má jókòó sílé máa ka ìwé. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an:

- Ibà pẹ̀lú òtútù tó ń gbọ̀n yín, ìrora lẹ́yìn lábẹ́ ìhà, tàbí èébì tí kò jẹ́ kí omi àti oògùn dúró nínú. Ó ṣeé ṣe kí kòkòrò ti gòkè dé kíndìnrín.
- Ìtọ̀ tó dá pátápátá, tí inú sì le.
- Àgbàlagbà tó ní ibà tó sì ṣàdédé ń sọ̀rọ̀ kántankàntan, tàbí ẹnikẹ́ni tí èémí rẹ̀ ń sáré, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù. Kòkòrò lè ti wọ ẹ̀jẹ̀.
- Aboyún, ì báà jẹ́ oyún oṣù méjì tàbí mẹ́jọ.
- Ọmọdé, pàápàá ọmọ ọwọ́ tó ní ibà tí a kò mọ ìdí rẹ̀.
- Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, òkúta inú kíndìnrín, tàbí rọ́bà ìtọ̀ lára.

Ọkùnrin tí ìtọ̀ ń ta gbọ́dọ̀ rí dókítà bákan náà, nítorí pé àìsàn yìí kì í sábà ṣe ọkùnrin láìsí nǹkan mìíràn nídìí rẹ̀. Bí ọyún bá ń jáde lójú ara rẹ̀, ó lè jẹ́ àtọ̀sí. Àyẹ̀wò tirẹ̀ yàtọ̀, ẹni tí wọ́n jọ ń bá ara wọn lò pọ̀ náà yóò sì gba ìtọ́jú. Bí ọmọ tó ń wẹ̀ lódò bá ń tọ ẹ̀jẹ̀, ẹ sọ fún dókítà nípa odò náà, torí ó lè jẹ́ àtọ̀sí ajá, tí oògùn apakòkòrò kò ní ṣe ohunkóhun fún. Bí ó bá sì jẹ́ pé ojú ara obìnrin ló ń yún, tí nǹkan funfun tàbí èyí tó ń rùn ń jáde, ìyẹn kì í ṣe ti àpò ìtọ̀. Ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ ibẹ̀ gan-an wò.

Fún pàjáwìrì, UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìbàdàn, wà fún gbogbo ìlú. Ẹni tó wà ní apá Challenge tàbí Ring Road ní ilé ìwòsàn ìjọba Adéọ̀yọ́ tó wà ní Ring Road nítòsí. Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn tó ń gbé Agbowó lè kọjá sí Jaja, ilé ìwòsàn yunifásítì náà. Bí wọ́n bá sọ pé ibà ni, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún ibà, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún wọn pé ìtọ̀ ń ta yín. Kì í ṣe ẹ̀fọn nìkan ló ń gbé ibà wá.

Ohun tí ẹ máa kó jọ

- Ìgò ìtọ̀ tuntun, ọlọ́mọrí líle, tí wọ́n ti pa kòkòrò inú rẹ̀, tí ẹnìkan kò tíì ṣí. Láàbù tàbí ilé ìtajà oògùn ni kí ẹ ti gbà á. Ìgò ohun mímu tí a fi omi gbígbóná ṣàn kò ṣeé lò.
- Omi mímọ́ àti ọṣẹ lásán. Ẹ fi Dettol àti Izal sílẹ̀.
- Tíṣù mímọ́.
- Bíró, láti kọ orúkọ, ọjọ́ àti aago sára ìgò.
- Ọ̀rá mímọ́ méjì, kúlà kékeré kan, àti píọ̀ wọ́tà méjì tó ti dì.
- Ohun tí a fi ń wọn ibà, bí ẹ bá ní.
- Ìwé kékeré kan tí ẹ ó máa kọ nǹkan sí.
- Káàdì adójútòfò ìlera, bí ẹ bá ní, bóyá ti ìjọba Ọ̀yọ́ (OYSHIA), ti ibi iṣẹ́, tàbí ti ilé ẹ̀kọ́.
- Owó àyẹ̀wò. Ẹ yà á sọ́tọ̀ ṣáájú owó oògùn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ ìtàn ara yín sílẹ̀

Ẹ kọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ohun tó ń ṣe yín, àti ìwọ̀n ibà. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ gbogbo oògùn apakòkòrò tí ẹ ti lò láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, títí kan èyí tí ẹ lò fún ọ̀fun, fún ìgbẹ́ gbuuru tàbí fún eyín. Bí ẹ kò bá mọ orúkọ, ẹ mú páálí tàbí sáṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dání. Àgbo náà wà lára ohun tí ẹ máa kọ. Ìdí rẹ̀ ni pé oògùn tí ẹ lò láìpẹ́ yìí pa àwọn kòkòrò tó rọ̀, ó fi àwọn tó le sílẹ̀. Dókítà kì í fẹ́ fi ìdílé oògùn kan náà bẹ̀rẹ̀ padà.

Ẹ kọ oògùn tó máa ń bá ara yín jà, bóyá ẹ lóyún tàbí ẹ ń fọ́mọ lọ́mú, bóyá kíndìnrín yín ní ìṣòro, àti bóyá wọ́n ti sọ fún yín rí pé G6PD yín, èròjà kan tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, kò tó. Àìtó G6PD wọ́pọ̀ láàrin wa, pàápàá lára ọkùnrin, ó sì máa ń jẹ́ kí oògùn ìtọ̀ kan fọ́ ẹ̀jẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ rí dókítà, kí ẹ béèrè MCS

MCS ni orúkọ tí dókítà àti láàbù ń pe àyẹ̀wò tí a ń wí. Wọ́n á fi awò asọ-ohun-kékeré-di-ńlá wo ìtọ̀, wọ́n á gbin kòkòrò inú rẹ̀, wọ́n á sì dán oògùn wò lórí rẹ̀. Ó yàtọ̀ sí pépà tí wọ́n ń rì bọ inú ìtọ̀ tó ń yí àwọ̀ padà ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Pépà yẹn lè sọ pé ó jọ pé kòkòrò wà. Kò lè sọ oògùn tó ràn án.

Fún ọ̀dọ́mọbìnrin tí kò lóyún, tó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀, dókítà lè fún un ní oògùn láì dúró de MCS. Kò sí àṣìṣe nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ṣe yín rí, bí ẹ ti lo oògùn tí kò ṣiṣẹ́, bí ẹ lóyún, tàbí bí ẹ bá jẹ́ ọkùnrin, ẹ béèrè rẹ̀ tààrà: “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè fi ìtọ̀ sílẹ̀ fún MCS kí n tó bẹ̀rẹ̀ oògùn?” Bí dókítà bá fẹ́ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ oògùn lọ́jọ́ náà, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí ìgò ti kúrò lọ́wọ́ yín kí kápúsù àkọ́kọ́ tó wọlé. Oògùn kan ṣoṣo tí ẹ bá gbé mì ṣáájú lè jẹ́ kí kòkòrò kọ̀ láti hù ní láàbù nígbà tó ṣì wà nínú àpò ìtọ̀ yín.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ yan láàbù

Láàbù UCH ń ṣe MCS, àwọn aládàáni náà sì pọ̀ káàkiri Bódìjà, Dùgbẹ̀ àti Ring Road. Ẹ bi wọ́n ní nǹkan mẹ́ta. Ṣé wọ́n ní ìwé àṣẹ MLSCN, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ láàbù ní Nàìjíríà? Ṣé àwọn fúnra wọn ló ń gbin kòkòrò, àbí wọ́n ń gbé e lọ síbòmíràn? Ọjọ́ mélòó ni èsì yóò fi jáde?

Ìdáhùn ìbéèrè kẹta ló máa ń tú àṣírí. Kòkòrò gbọ́dọ̀ sun òru kan nínú ẹ̀rọ tó móoru tó 37°C kó tó hù, oògùn tí wọ́n dán wò náà tún nílò òru kan. Ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni MCS tòótọ́ ń gbà. Ẹni tó bá ní kí ẹ wá gba èsì nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà kò gbin ohunkóhun. Ẹ gbé ìgò yín kúrò níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: bí a ṣe ń gba ìtọ̀

Ibí ni iṣẹ́ ti sábà máa ń bàjẹ́, torí náà ẹ fara balẹ̀. Ìtọ̀ àárọ̀, tó ti wà nínú láti òru, ló dára jù; bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kó tó wákàtí mẹ́rin tí ẹ ti tọ̀ kẹ́yìn. Ẹ má mu omi àmujù kí ìtọ̀ lè tètè wá; omi púpọ̀ á fọ́n kòkòrò ká.

Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Ẹ ṣí ìgò, kí ẹ gbé ọmọrí rẹ̀ sórí tíṣù mímọ́, kí inú rẹ̀ kọjú sókè. Ìka kò gbọ́dọ̀ kan inú ọmọrí tàbí etí ìgò.

Obìnrin: ẹ fi ìka méjì la ojú ara, ẹ fi omi fọ̀ ọ́ láti iwájú lọ sẹ́yìn, kí ẹ fi tíṣù nù ún gbẹ lọ́nà kan náà. Ẹ má mú ìka kúrò. Ẹ tọ àkọ́kọ́ rẹ̀ dànù. Bí ìtọ̀ bá ti ń ṣàn dáadáa, ẹ gbé ìgò sábẹ́ rẹ̀ láì jẹ́ kó kan ara, ẹ gbà á tó ìdajì ìgò, ẹ gbé e kúrò, kí ẹ wá tọ ìyókù dànù. Bí ẹ bá ń ṣe nǹkan oṣù, ẹ sọ fún láàbù.

Ọkùnrin: ẹni tí wọn kò bá dá awọ orí nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀ á fà á sẹ́yìn, á fi omi fọ ibẹ̀, á nù ún, á sì ṣe bákan náà: àkọ́kọ́ dànù, àárín sínú ìgò, ìyókù dànù.

Ọmọ tó ti lè dúró: ẹ fọ abẹ́ rẹ̀, kí ẹ̀yin di ìgò mú fún un. Ẹ má bu ìtọ̀ inú póò. Ti ọmọ ọwọ́, ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì gbà á.

Ìdí tí a fi ń da àkọ́kọ́ nù ni pé òun ló ń ṣan kòkòrò ara awọ jáde. Bí ìyẹn bá wọ inú ìgò, láàbù yóò gbin ohun tí kò fa àìsàn yín. Ọ̀pọ̀ ẹni tí wọ́n sọ fún pé kòkòrò ara awọ tí wọ́n ń pè ní “stáfù” wà lára òun, tó ti ń ra abẹ́rẹ́ láti oṣù dé oṣù, ni kò gba ìtọ̀ yẹn dáadáa.

Ẹ dé ìgò le. Ẹ kọ orúkọ, ọjọ́ àti aago sára ìgò fúnra rẹ̀. Ọmọrí lè pààrọ̀ mọ́ tẹlòmíràn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: bí ẹ ó ṣe gbé e délé àyẹ̀wò

Láàrin wákàtí méjì ni kó dé láàbù. Nínú ooru, E. coli kan lè di méjì ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, kòkòrò díẹ̀ tí kò tó nǹkan á wá di ọ̀pọ̀ kí ìgò tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí ẹ bá ń ti Challenge bọ̀ wá sí UCH láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ mọ bí ọkọ̀ ṣe ń dí títí dé Mókólá. Ẹ fi ìgò sínú ọ̀rá méjì, kí ẹ gbé e sáàárín píọ̀ wọ́tà dídì nínú kúlà. Ó sàn jù bẹ́ẹ̀ kí ẹ lọ gbà á ní ilé ìtọ̀ láàbù fúnra rẹ̀, bí ibẹ̀ bá mọ́. Bí ó bá di dandan kó dúró, inú fíríìjì ni kó wà, kó má sì ju ọjọ́ kan lọ. Ẹ má gbé e síbi tí ń dì.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: bí ẹ ṣe ń retí èsì

Ẹ mu omi bí òùngbẹ bá ṣe ń gbẹ yín, kí ẹ má sì mú ìtọ̀ mọ́ra. Parasitamọ́ọ̀lù lè dín ìrora kù. Ẹ má kọjá ìwọ̀n tí páálí sọ. Ẹ máa wọn ibà láàárọ̀ àti lálẹ́. Bí èyíkéyìí nínú àmì tí a kà sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ bá yọjú, ìdúró ti parí nìyẹn. Ilé ìwòsàn ló kàn.

Ìgbésẹ̀ keje: bí a ṣe ń ka èsì

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní láàbù rèé. Wọ́n tẹ́ kòkòrò yín sórí àwo pẹlẹbẹ kan tí oúnjẹ kòkòrò wà nínú rẹ̀, wọ́n sì to bébà róbótó kéékèèké tó ní oògùn sórí rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, àwọn bébà kan ní òrùka tó mọ́ kedere yí ká, níbi tí kòkòrò kò ti lè hù. Níbi àwọn mìíràn, kòkòrò hù wá títí ó fi kan etí bébà, oògùn náà kò rí nǹkan kan ṣe fún un. Wọ́n fi rúlà wọn òrùka wọ̀nyí, wọ́n sì kọ lẹ́tà síwájú orúkọ oògùn kọ̀ọ̀kan. S ni pé oògùn ràn án. R ni pé kò ràn án. I wà láàárín. Dókítà ló mọ ìgbà tó ṣeé lò. Àwọn láàbù kan ń lo àmì àròpọ̀ dípò lẹ́tà. Ẹ ní kí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀.

Ẹ tún wo nǹkan wọ̀nyí:

- Orúkọ kòkòrò. E. coli àti Klebsiella ni ẹ ó rí jù.
- Iye rẹ̀. 100,000 nínú mìlílítà kan ni òṣùwọ̀n tí wọ́n ti ń lò láti àwọn ọdún 1950. Iye tó kéré sí i lè ní ìtumọ̀ bí àmì àìsàn bá wà.
- “Mixed growth”: onírúurú kòkòrò ló hù. Ó sábà máa ń túmọ̀ sí pé ìgò kò mọ́. Ẹ tún un gbà. Ẹ má tìtorí rẹ̀ lo oògùn.
- “No growth”: kòkòrò kò hù. Bí ẹ bá ti lo oògùn ṣáájú, ẹ sọ ọ́.

Èsì kì í ṣe ìwé àṣẹ láti ra oògùn. Ẹ gbé e padà fún dókítà. Ó lè rí S mẹ́fà kó sì yan èyí tí orúkọ rẹ̀ kò dún rárá, nítorí pé òun ló ń dé àpò ìtọ̀ dáadáa tí kò sì ń ba nǹkan mìíràn jẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ti pín àwọn oògùn wọ̀nyí sọ́nà mẹ́ta láti 2017: èyí tí a lè kọ́kọ́ lò, èyí tí a ń ṣọ́ lò, àti èyí tí a tọ́jú pamọ́ fún ìgbà tí gbogbo ọ̀nà bá dí. Fún ìtọ̀ tó ń ta tí kò tíì dé kíndìnrín, nitrofurantoin fún ọjọ́ márùn-ún wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ. Ciprofloxacin àti ceftriaxone wà lára àwọn tí a ń ṣọ́ lò.

Bí kòkòrò bá wà nínú ìtọ̀ ṣùgbọ́n tí kò sí ohunkóhun tó ń ṣe yín, ẹ má lo oògùn, àfi tí ẹ bá lóyún tàbí tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ lójú ọ̀nà ìtọ̀ yín. Aboyún gbọ́dọ̀ gba ìtọ́jú, nítorí ti aboyún lè tètè gòkè lọ sí kíndìnrín.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: bí a ṣe ń ra oògùn

Ilé ìtajà oògùn tí apòògùn wà nínú rẹ̀ ni kí ẹ lọ, pẹ̀lú ìwé dókítà. Oníkẹ́míìsì àdúgbò lè ta parasitamọ́ọ̀lù fún yín. Òfin kò fún un láyè láti máa ta oògùn apakòkòrò. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, ọjọ́ tí oògùn yóò bàjẹ́, àti bóyá páálí ti di ṣíṣí. Bí ibi tí a ń ha bá wà lára rẹ̀, ẹ ha á, kí ẹ fi nọ́ńbà tó yọ ránṣẹ́ sí èyí tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì dúró gba ìdáhùn kí ẹ tó sanwó.

Owó oògùn ti wọ́n, pàápàá láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ oògùn GSK ti kéde ní oṣù kẹjọ 2023 pé àwọn ń kógbá sílé ní Nàìjíríà. Bí owó kò bá tó, ẹ má ra ìdajì. Ẹ padà sọ fún dókítà tàbí apòògùn, kí ó wo S mìíràn tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n. Àǹfààní ńlá tó wà nínú èsì nìyí: ó ń jẹ́ kí ẹ ní ibi tí ẹ lè yà sí.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: bí a ṣe ń lo oògùn

Ẹ lò ó ní àkókò tí wọ́n sọ, iye ọjọ́ tí wọ́n sọ. Ẹ má dá a dúró nítorí pé ara ti yá, ẹ má sì fi ọjọ́ kún un fúnra yín. Àlòdínkù ń dá kòkòrò tó le sí, àlòjù ń kọ́ èyí tó wà nínú ìfun lóríkunkun.

- Nitrofurantoin: ẹ jẹun sí i. Ó lè sọ ìtọ̀ di pupa rúsúrúsú. Ẹ má bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n bí ojú bá pọ́n bí ti ibà apọ́njú, tí ara sì rẹ̀ yín jọjọ, ẹ dá a dúró, kí ẹ sáré lọ sí ilé ìwòsàn. Kò yẹ ẹni tí G6PD rẹ̀ kò tó, ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti rẹ̀, tàbí aboyún tó ti sún mọ́ ìkúnlẹ̀.
- Septrin: ẹ dá a dúró bí ara bá sú tàbí bí ẹnu bá ń bó.
- Ciprofloxacin: wàrà, oògùn inú kíkan àti oògùn ẹ̀jẹ̀ onírin kì í jẹ́ kó wọ ara. Ẹ lò ó ní wákàtí méjì ṣáájú wọn tàbí wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn wọn. Bí iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ bá ń dùn yín, ẹ dá a dúró, kí ẹ pe dókítà.
- Gentamicin: abẹ́rẹ́ yìí lè ba etí àti kíndìnrín jẹ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gún un fún yín láì sí àṣẹ dókítà.

Bí ètè bá wú tàbí èémí kò já gaara lẹ́yìn oògùn èyíkéyìí, pàjáwìrì ni.

Ìgbésẹ̀ kẹwàá: bí kò bá lọ

Ó yẹ kí ara bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́ láàrin ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má pààrọ̀ oògùn fúnra yín. Ẹ gbé èsì àti páálí oògùn padà fún dókítà. Ó lè jẹ́ pé oògùn ayédèrú ni, pé òkúta wà níbì kan, tàbí pé kì í ṣe àpò ìtọ̀ ló ń ṣe yín.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ láàrin ìlú

“Tọ́ílẹ́ẹ̀tì ìnfẹ́kṣọ̀n.” Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ogún ènìyàn jọ ń lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan ní Agbowó gbà pé àga ibẹ̀ ló kó o ràn wọ́n. Láti inú ìfun ara ẹni ni E. coli ti sábà ń wá. Ojú ọ̀nà ìtọ̀ obìnrin kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin lọ, ti ọkùnrin tó ogún. Ìrìn kúkúrú ni fún kòkòrò. Ẹ fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó dára, ṣùgbọ́n ẹ má fi ìyẹn ṣe àyẹ̀wò.

Ampiclox kan, tetracycline kan. Ríra kápúsù ní ẹyọ méjì-méjì kò wo kòkòrò kankan sàn. Àdàlù ampicillin àti cloxacillin, tó jẹ́ Ampiclox gan-an, wà lára àwọn tí WHO sọ pé kí a má lò.

Ìwé èsì ọ̀rẹ́. S tirẹ̀ lè jẹ́ R tiyín.

Àgbo pọ̀ mọ́ kápúsù. A kò mọ ohun tó wà nínú ìgò àgbo, ìwọ̀n rẹ̀ sì ń yí padà. Ó lè wu kíndìnrín léwu, bẹ́ẹ̀ kíndìnrín gan-an la fẹ́ dáàbò bò.

Fífi Dettol tàbí ọṣẹ olóòórùn fọ inú ojú ara. Ó ń lé àwọn kòkòrò rere tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà lọ.

Kó má baà padà

Ọ̀pọ̀ obìnrin tó ń tajà ní Bódìjà, àti awakọ̀ tó ń gbéra ní Challenge, kì í mu omi láàárọ̀ nítorí pé wọn kò rí ibi tọ̀ sí. Ìtọ̀ tó dúró pẹ́ ń fún kòkòrò láyè láti pọ̀ sí i. Ẹ mu omi, kí ẹ sì wá ibi mímọ́ kan tí ẹ ó máa lọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ọjà. Ẹgbẹ́ ọjà tó bá kọ́ ilé ìtọ̀ tó mọ́ ti dín kápúsù kù fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ nu ara láti iwájú lọ sẹ́yìn. Ẹ tọ̀ lẹ́yìn ìbálòpọ̀. Bí ó bá ṣe yín tó ẹ̀ẹ̀mejì láàrin oṣù mẹ́fà, ẹ ní kí dókítà wádìí ohun tó wà nídìí rẹ̀.

Ní ọdún 2019 nìkan, mílíọ̀nù kan àti 270,000 ènìyàn ló kú lágbàáyé nítorí kòkòrò tí oògùn kò ràn, ìhà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí àwa wà sì ni ikú náà ti wúwo jù bí a bá fi iye ènìyàn wọ̀n ọ́n. Nítorí náà, bí aládùúgbò bá wá tọrọ kápúsù lọ́wọ́ yín pé ìtọ̀ ń ta òun náà, ẹ má fún un. Ẹ fún un ní ìgò tuntun kan, kí ẹ sọ orúkọ láàbù tí ẹ lò fún un. Ẹ sì kó gbogbo èsì tiyín sínú fáìlì kan, nítorí pé bí àìsàn náà bá tún dé, ìwé yẹn ni dókítà máa kọ́kọ́ béèrè.